Ọ̀gá Inú Agboolé Tàbí Ìmọ̀ràn Orí Fóònù? Ìdáhùn sí Àwọn Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú jáde nínú èyí tí ẹ kọ sí wa lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlù ni méjì dá lé lórí, tí ọ̀kan yòókù sì dá lórí iṣẹ́ aṣọ rírán.

Lẹ́tà kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo sì ń kàwé ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìlù dùndún wù mí púpọ̀, mo sì ra gángan kan ní ọdún tó kọjá. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wo fídíò lórí fóònù, tí mo sì ń fi kọ́ ara mi. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ń sọ ọmọ lórúkọ, ó ní kí n wá lùlù. Oníkòyí ni ìdílé ọmọ náà, nítorí náà mo lu oríkì kan tí mo rí nínú fídíò tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé ti Oníkòyí ni. Bàbá onílù kan tó jókòó níbẹ̀ ní Olófà ni mo ń kì, àti pé apá kan nínú ohun tí mo lù kò tilẹ̀ já sí ọ̀rọ̀ kankan. Ojú tì mí gan-an. Bàbá náà ní kí n máa wá sí agboolé àwọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n gúdúgúdú ni n óò kọ́kọ́ máa lù, n óò sì máa bá wọn gbé ìlù lọ sóde. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìfàkókòṣòfò ni, wọ́n ní kò sí ohun tí bàbá náà mọ̀ tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi kì í sì í ṣe ọmọ Àyàn. Kí ni kí n ṣe?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn

Ọmọ mi, Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni kí o lọ. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, nítorí pé n kò fẹ́ kí ó jẹ́ ìtìjú nìkan ni yóò gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà bàbá náà.

Ìlù dùndún kì í sọ̀rọ̀ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ló ń mú jáde: dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Kò ní fáwẹ̀lì, kò sì ní kọ́ńsónáǹtì. Bí o bá lu re-mí, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Bí o bá lu re-dò, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Dò-dò lè jẹ́ ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, re-re sì lè jẹ́ ọkọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n re-re kan náà ni ọmọ, òun náà ni ẹran, òun náà ni orin. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi í dá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lù, kí ó wá retí pé kí á gbọ́ ọ. Odidi gbólóhùn ló ń lù, òwe tí àwùjọ ti mọ̀, oríkì tí etí ti gbọ́ láìmọye ìgbà, kí ẹni tó ń gbọ́ lè fi èyí tó ti mọ̀ tú èyí tó ń gbọ́. Nítorí náà ìdajì ni ọwọ́ nínú iṣẹ́ ìlù. Ìdajì yòókù wà nínú ohun tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti mọ̀ kí o tó dé, ìyẹn kì í sì í sí nínú fídíò.

Wàyí o, wo bí irú oríkì tí o lù yẹn ṣe máa ń rìn. Ẹnìkan á lù ú níbì kan, ó sì lè jẹ́ ògbóǹtarìgì onílù. Ẹlòmíràn á gbà á sílẹ̀ láìbéèrè ẹni tí wọ́n ń kì. Ẹnìkẹta á gé e kúrú, á sì kọ orúkọ ìdílé sí i nítorí pé ó gbọ́ tí ẹnìkan pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí kò dúró lójú agbo rí. Ìjàkadì ni a fi ń mọ ọmọ Olófà, ‘ìjàkadì lorò Ọ̀fà’. Ogun àti ọfà ni a fi ń ki ọmọ Oníkòyí. Ẹni tó bá ti ki ìdílé méjèèjì lójú àwọn tó ni ín kò lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, nítorí pé àwọn tó ni oríkì ń dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀: bí ó bá bá a, orí wọn á wú, wọn á máa náwó, bí ó bá ṣì í, wọn á dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn á sì dùn ún ju ìbáwí lọ. Ẹni tó kọ orúkọ sábẹ́ fídíò, ta ló dákẹ́ fún un rí?

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o rò dáadáa. Fídíò lè fi ọwọ́ onílù hàn ọ́, ṣùgbọ́n kò lè rí ọwọ́ tìrẹ. Abẹ́ apá ni gángan ń wà, ọsán rẹ̀, ìyẹn okùn awọ tó yí i ká, ni o sì ń fún mọ́ra kí ohùn tó lọ sókè. Bí o bá fún un ju bí ó ti yẹ lọ, ohùn àárín ti di ohùn òkè. Bí o bá ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ó yẹ kí o ti tú u lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn á máa yọ̀ sísàlẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ kò ti yọ̀. Ìwọ tí ò ń lù ú kò ní í mọ̀, nítorí pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ ni etí rẹ ń gbọ́. O ti mọ ohun tí o fẹ́ sọ, nítorí náà ó dà bí ẹni pé o sọ ọ́. Ẹlòmíràn tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ ló lè sọ ohun tí ìlù wí gan-an, ìyẹn náà ni bàbá náà sì ṣe fún ọ níbi ìsọmọlórúkọ. Oṣù mẹ́jọ ni o fi lùlù tí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún ọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó gba bàbá.

Awọ ìlù náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ìgbà òjò, ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, á dẹ̀, ohùn á sì wúwo. Ní ìgbà ọyẹ́, ó ń gbẹ, ó ń le, ohùn ń lọ sókè, bí a kò bá sì ṣọ́ ọ, ó lè ya. Onílù tí ó bá ti fi ìlù kan ṣòde yí ọdún po ti mọ ohun tí yóò ṣe fún un ní oṣù kẹfà, ó sì mọ èyí tí yóò ṣe fún un ní oṣù kìíní. Ìmọ̀ràn tó bá ti ti ẹnu dé ẹnu kì í rántí oṣù tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ní ti gúdúgúdú, bàbá kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú kan ni gúdúgúdú ní, ìda wà láàárín awọ rẹ̀, kò ní ọsán tí à ń fún, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè sódò bíi ti gángan. Ẹni tó ń lù ú kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, àkókò ni yóò máa dì mú, láìsáré, láìfà sẹ́yìn, títí òde yóò fi tú. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, àyè wà fún etí rẹ̀ láti gbọ́ ohun tí ìyáàlù, ìlù tó ń ṣáájú, ń wí, àti láti rí ojú ẹni tí wọ́n ń wí i fún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílù ti kọ́ oríkì, láìsí ẹni tó pè wọ́n jókòó. Gbígbé ìlù náà kò yàtọ̀: nípa gbígbé e ni o fi máa mọ ẹni tí a ń kọ́kọ́ kí nígbà tí a bá wọ òde, ìgbà tí a ń fún àdúrà láyè, àti bí a ṣe ń fi ìlù sọ pé àlejò pàtàkì kan ti ń wọlé bọ̀, bí àwọn onílù ààfin Ọ̀yọ́ ti máa ń ṣe.

O ní o kì í ṣe ọmọ Àyàn. Àwọn tí à ń pè ní Àyànwálé tàbí Àyántúndé, inú ìlù ni a bí wọn sí, wọ́n ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó rìn. Ìwọ kò ní irú ìgbà èwe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìwọ ni o nílò agboolé náà jù. Ẹni tó ni ilé ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí o wọlé.

Má wá ju fóònù nù o. Ní ọ̀dọ̀ bàbá, tọrọ àyè kí o gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o máa gbọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn ọ̀gá gidi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, àwọn tó ń sọ ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́, tí wọn kì í sì í fi àṣìṣe wọn pamọ́; máa wò wọ́n, kí o lè mọ bí wọ́n ṣe ń lù ú ní ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó bá rú ọ lójú, gbé e lọ bá bàbá ní Sátidé, kí o bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Lẹ́tà kejì

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọmọbìnrin mi ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní àdúgbò Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́ta ni a fi ṣe àdéhùn, ó sì ti lo oṣù mẹ́rìnlá. Omi ló ń pọn, ọmọ ọ̀gá ló ń pọ̀n, ó ń kan bọ́tìnnì, ó sì ń tú aṣọ tí a rán. Wọn kò tí ì jẹ́ kí ó gé aṣọ kankan. Ó ní fóònù ti kọ́ òun bí a ṣe ń gé gáùn, ó sì gé ankara tí mo rà, ó rán an fún ara rẹ̀. Kò gba èjìká rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀ ó fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó máa kọ́ṣẹ́ nílé pẹ̀lú fóònù. Bàbá rẹ̀ ní kí ó ní sùúrù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
Ìyá Ọmọ, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a fi gáùn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan: irú aṣọ wo ni obìnrin inú fídíò yẹn gé? Ó jọ mí lójú pé aṣọ tó ń fà ni. Aṣọ tó ń fà, a lè gé e kí ó kéré sí ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, nítorí pé yóò fà nígbà tí ara bá wọ inú rẹ̀. Ankara kì í fà. A gbọ́dọ̀ fi nǹkan lé ìwọ̀n ara kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè mí, kí ó sì lè jókòó. A ó tún fi àyè ojú rírán sí i, a ó sì fi sípù sí i kí ó lè gba èjìká kọjá. Bí a bá fi ìwọ̀n aṣọ tó ń fà gé ankara, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá tí yóò fi wọ̀. Obìnrin inú fídíò kò purọ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ nípa aṣọ tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Kò rí aṣọ tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ ì bá kọ́kọ́ fi ìka fa etí aṣọ wò kí ó tó mú ṣọ́ọ̀kì.

Èmi náà kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ọ̀yọ́ yìí kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá mi gbé ankara ẹlẹ́yẹ kan fún mi, pé kí n gé bùbá. Bí ẹ ti mọ̀, a kì í gé èjìká bùbá; a máa ń ṣẹ́ aṣọ po ní èjìká ni, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè jẹ́ aṣọ kan náà. Mo ṣẹ́ ẹ po, mo fa ìlà, mo gbé àlùmọ́gàjí. Ọ̀gá mi ní kí n gbé e sílẹ̀, kí n tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ padà, kí n wo àwọn ẹyẹ náà. Nígbà tí mo wò ó, mo rí i pé gbogbo ẹyẹ tó máa wà ní ẹ̀yìn ni yóò dorí kodò. Ó wá ṣí àpótí rẹ̀, ó sì yọ bùbá kan tó ti ṣá jáde lábẹ́ àwọn aṣọ yòókù. Òun fúnra rẹ̀ ló ti bà á jẹ́ lọ́nà kan náà nígbà tó kọ́kọ́ gba òmìnira, tó sì san owó aṣọ padà fún oníbàárà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Bùbá inú àpótí yẹn ni mo máa ń rí lọ́kàn mi nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ òwe náà. Ó pa á mọ́ fún ẹni tí yóò wá gbé àlùmọ́gàjí bíi tèmi.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín padà wálé wá dá kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní kí ó dákẹ́ síbi tó wà. Aṣọ títú jẹ́ ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá ti tú ogún bùbá ti mọ bí a ṣe so ó pọ̀. Bọ́tìnnì kíkàn pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ilé díẹ̀ sì wà nínú àṣà ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa, àwa náà pọnmi, a sì gbálẹ̀. Ọmọ pípọ̀n fún oṣù mẹ́rìnlá kì í ṣe iṣẹ́ télọ̀, kò sì sí ìdí tí ọmọ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò fi tí ì gé nǹkan kan. Inú mi kò dùn rárá láti kọ ọ́, nítorí pé irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ló ń lé àwọn ọmọ wa sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n á wá máa bínú pé àwọn ọmọ kò fẹ́ kọ́ṣẹ́ mọ́.

Ẹ mú ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí àdéhùn yín dání, kí ẹ lọ bá ọ̀gá náà ní ọjọ́ tí oníbàárà kò sí níbẹ̀, kí ojú má bàa tì í. Ẹ má fi ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ kí i, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bi í bí àkókò tó kù ṣe máa lọ: oṣù wo ni ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ gígé, ìgbà wo ni yóò gé bùbá, ìgbà wo ni yóò kan gáùn tó ní àpò àti sípù. Àwọn ọ̀gá wa máa ń fi bébà àpò sìmẹ́ńtì àti ìwé ìròyìn àtijọ́ kọ́ ọmọ ní gígé kí wọ́n tó fún un ní aṣọ. Ẹ tọrọ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn fún un ní oṣù yìí, kí ẹ̀yin fúnra yín sì kó bébà náà lọ. Bí oṣù méjì bá kọjá tí kò sí ohun tó yí padà, ọ̀gá mìíràn ni kí ẹ wá fún un, kí ẹ sì ka oṣù mẹ́rìnlá tó ti lò mọ́ ọn nínú àdéhùn tuntun. Kí ẹ tó fi lé ọ̀gá tuntun lọ́wọ́, ẹ wo àwọn ọmọ tó ti gba òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, tí wọ́n sì ń padà wá kí i, ẹ lè fi ọkàn balẹ̀.

Ní ti ankara tó bàjẹ́ yẹn, kí ọmọ gbé e lọ bá ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá lè sọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá láìbú u, àti bí a ṣe lè tún un ṣe, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Lẹ́tà kẹta

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Jámánì ni mò ń gbé. Ìyáàlù tí mo rà nílé ti le gbagidi láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì sọ̀ kalẹ̀ bó ti yẹ mọ́. Ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n fi òróró pa awọ rẹ̀, ẹlòmíràn ní omi ni kí n fi pa á. Èwo ni kí n ṣe?
Onílù, Jámánì

Ìdáhùn

Ẹ má tí ì fi ohunkóhun pa á. Ilé tí ẹ ń fi ẹ̀rọ mú gbóná máa ń gbẹ gan-an, awọ àti ọsán náà sì ń gbẹ nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ọyẹ́ bá dé. Ẹ gbé ìlù náà kúrò nítòsí ẹ̀rọ amúlégbóná lónìí, ẹ má sì gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà ẹni tó ṣe ìlù náà ní Ọ̀yọ́, tàbí ti ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ pè é ní fídíò, kí ẹ sì fi ojú ìlù hàn án, kí ẹ lù ú kí ó gbọ́. Ẹni tó bò ó mọ awọ tó lò àti bí ó ṣe fà á tó. Àwọn méjì tó ń gbà yín nímọ̀ràn kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ẹ má pè é ní Sátidé o, òde ni yóò wà. Ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ni ẹ óò bá a nílé.